Owó àjẹmọ́nú nìkan kò tó, ẹ tún ròsítà tò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru bá délẹ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́, owó àjẹmọ́nú ni wọ́n máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Owó dára, kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ròsítà, ìwé tó ń sọ ìgbà tí kálukú máa wọṣẹ́, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gan-an ló ń ba ara òṣìṣẹ́ jẹ́.

Iléeṣẹ́ tó bá ń yí ṣífìtì láti òru sí ọ̀sán, kó tó kan àárọ̀, ẹ̀yìn ló ń rìn. Aago inú ara èèyàn gùn ju wákàtí 24 lọ díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ara láti pẹ́ sùn ju kó tètè sùn lọ. Àárọ̀, ọ̀sán, òru ló yẹ kó jẹ́, àtúntò yìí kò sì ná iléeṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Bíi wákàtí kan péré ni aago náà lè fi yí lójúmọ́. Ẹni tí wọ́n gbé láti iṣẹ́ àárọ̀ sí ti òru, kí ara rẹ̀ tó bá a dé ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ ti parí, wọ́n ti tún gbé e kúrò. Òru méjì tàbí mẹ́ta, kí ìsinmi tẹ̀ lé e, sàn ju òru méje gbáko lọ.

Èyí tó tún burú ni kí èèyàn kúrò níṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó sì wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀. Lórí ìwé, wákàtí 8 ni. Ẹ yọ àsìkò tó fi dúró de ọkọ̀ ní Oṣòdì, ẹ yọ ìwẹ̀ àti oúnjẹ, ẹ rántí pé aago mẹ́rin ìdájí ló máa jí: bóyá ni oorun rẹ̀ á pé wákàtí 4. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìparapọ̀ Yúróòpù, wákàtí 11 ni òfin ní kí òṣìṣẹ́ fi sinmi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì.

Abala 13 nínú òfin iṣẹ́ tiwa ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Kí òṣìṣẹ́ òru fi 20 ìṣẹ́jú rẹjú nínú rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì. Kó má ṣe wọ 40, torí oorun á ti wọ̀ ọ́ lára, ojú á sì máa fà á tó bá jí. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ni ara máa ń tutù jù, tí ojú á là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọpọlọ á ti lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì lè ka 0.5 sí 5 lórí ìwé oògùn. Ọ̀gá tó ń fìyà jẹ ẹni tó rẹjú ní aago méjì, tí kò bìkítà nípa ẹni tó ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ ní aago mẹ́rin, kò mọ èyí tó léwu.

Ní ti oúnjẹ, kí wọ́n yó kí wọ́n tó wọṣẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀ lóru, torí náà ẹyin tàbí ẹ̀pà sàn ju ẹ̀bà lọ. Obì àti kọfí kò gbọ́dọ̀ kọjá aago mẹ́ta òru. Lẹ́yìn bíi wákàtí 5, ìdajì kaféènì wọn, èròjà tó ń lé oorun, ṣì wà lára, á sì lé oorun òwúrọ̀ lọ.

Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá tún fẹ́ bá iléeṣẹ́ jókòó, kí wọ́n mú ròsítà dání. Kí wọ́n fi bírò kọ iye wákàtí tó wà láàárín ṣífìtì kan àti èkejì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí tiẹ̀ bá dín ní 11 ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú ọ̀gá.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan, Ìkẹjà