Ẹ wọn koríko kí ẹ tó ra ajílẹ̀

Olóòtú tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo ka ìmọ̀ràn tó jáde lójú ewé àgbẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, pé kí àwa tí à ń gbin koríko fún ẹran ọ̀sìn máa fọ́n iye àpò ajílẹ̀ kan náà sí gbogbo oko. Inú mi dùn pé ẹ rántí wa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka koríko kún ohun ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà yóò pa àgbẹ̀ lówó ní Rẹ́mọ níbí, nítorí ilẹ̀ oko kan ṣoṣo lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta.

Àgùntàn àti ewúrẹ́ ni mò ń sìn lẹ́bàá Òde Rẹ́mọ, eèsún ni mo sì gbìn fún wọn sí éékà méjì. Yanrìn ló pọ̀ lókè oko náà, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀ létí odò, àárín rẹ̀ sì ni ẹbu tí àwọn ìyá wa ti ń fọ epo láyé ọjọ́un. Títí di òní, bí ẹ bá fi ọkọ́ kọ ilẹ̀ ibẹ̀, eérú àti èèpo ẹkùrọ́ ni yóò máa yọ. Lọ́dún tó kọjá, mo kan igi mẹ́rin pọ̀, mítà kan ní ìbú àti ní òró, mo gbé e kalẹ̀ níbi márùn-ún ní ìpín kọ̀ọ̀kan, mo gé eèsún tó bọ́ sínú rẹ̀, mo sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ti ẹbu fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ti orí yanrìn kò ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, iye ajílẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ láti ọdún méjì.

Pòtásíọ̀mù, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tó wà nínú eérú, ṣì ń bọ́ koríko orí ẹbu. Lórí yanrìn, òjò ńlá oṣù Kẹfà máa ń ṣan náítírójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, lọ kí gbòǹgbò tó rí i mu, gbogbo ẹrù koríko tí a bá sì gé lọ fún ẹran ń kó pòtásíọ̀mù kúrò nínú ilẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí a máa fún yanrìn ní ajílẹ̀, lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ kún un. Ajílẹ̀ yúríà, tí náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 46 nínú 100, kò gbọdọ̀ sùn sójú ilẹ̀ nínú oòrùn, torí apá kan rẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá sì ra àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 oníkílò 50, tí náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 15 nínú 100, kílò méje àtààbọ̀ péré ni náítírójìn tó rà.

Nígbà tí mo gbé erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò níbì kan, wọ́n ní kí n da ti ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Èsì tó jáde kò bá ìpín kankan mu, ó sì dùn mí gan-an. Mo bẹ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí wọ́n máa bu erùpẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀nà tí a fi ń wọn koríko jáde, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé tí àwọn èèyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ajílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́sìn ẹran kan, Òde Rẹ́mọ