Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: àbùkù tí a ó gbà lára ọ̀bẹ àpò, àti èyí tí a ò ní gbà

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú òjò, ẹ sì kú àdúrótì wa.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Ọjà Ọba. Àwọn kan ní ó gan, àwọn kan ní ó ti dúdú, ẹnì kan tiẹ̀ na tirẹ̀ sí oòrùn, ó ní òun ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, owó yín lẹ fi rà á. Mo kàn fẹ́ kí á jọ mọ èyí tó jẹ́ àbùkù lóòótọ́, àti èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀bẹ náà nìyẹn.

Kí n ti orí ọ̀bẹ tó ń jẹ́ Opinel bẹ̀rẹ̀, òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1890. Igi lásán ni èkù rẹ̀, wọ́n là á, wọ́n ki irin ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀. Igi a sì máa mu omi. Bí ọ̀rinrin Akúrẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára ní oṣù Keje, á wú, á fún irin pa, ọ̀bẹ ò ní ṣí mọ́. Bàbá kan mú tiwọn wá láti Ìdànrè lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, wọ́n ti fi eyín ṣí i tì. Mo gbà á, mo yí òrùka ọrùn rẹ̀ kúrò lójú ihò, mo fi ìdí èkù gbá etí káńtà lẹ́ẹ̀kan péré. Irin yọ imú, mo fà á jáde. Bàbá ní, "Ṣé oògùn lo fi sí i ni?" Kì í ṣe oògùn o, bí àwọn ará ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ṣe ń ṣí i nìyẹn. Ẹ gbé e síbi tó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, á rọ̀. Mi ò ní gba irú èyí padà.

Dúdú ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bó ọsàn lẹ mọ̀ ọ́n jù. Omi ọsàn máa ń sọ irin kábọ̀n di àwọ̀ eérú, ìgbà mìíràn á dà bí aró. Kò ṣe é ní nǹkan, ó tiẹ̀ ń dín ìpẹtà kù. Èyí tó pupa, tó ń já sọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun, ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tí kò bá fẹ́ àwọ̀ kankan, kó ra èyí tí wọ́n kọ INOX sí lára, ìyẹn irin tí kì í tètè dípẹtà.

Ó wá ku àwọn onísípíríǹgì, tó jẹ́ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn èkù ló ń tẹ ìdí ọ̀bẹ mú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín sípíríǹgì àti èkù, etí rìsíìtì ni mo máa ń kì bọ ibẹ̀. Bí kò bá wọlé, ojú lásán ló ń rí i. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, iyẹ̀pẹ̀ oko náà á wọlé, màá pààrọ̀ rẹ̀. Bí irin bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá ká a, tí kò ṣáà ha èkù, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló tò ó pọ̀.

Èyí tí mi ò gbà rárá ni kó ṣí tán kó máa mì. Ẹ di èkù mú, ẹ fi ìka méjì mú ẹ̀yìn irin, ẹ rọra mì í sọ́tùn-ún sósì, lẹ́yìn náà sókè sódò. Ti ẹ̀gbẹ́, tó bá kéré, mo lè fi òòlù kékeré lu orí ìṣó rẹ̀ kó fún. Ti òkè sódò kò ní oògùn: sípíríǹgì ni kò jókòó sí ìdí irin, ọwọ́ yín ni yóò ká mọ́. Ẹ dá a padà. Èyí tí egungun èkù rẹ̀ bá sán nídìí ìṣó náà, ẹ dá a padà, ńṣe ni yóò máa sán lọ.

Ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀ náà tí ẹ bá ká a tán. Lọ́dún tó kọjá, mo ta ọ̀kan tí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta bí orí abẹ́rẹ́, mo rò pé kò tó nǹkan. Ó la àpò ṣòkòtò oníbàárà wa kan, ó sì bu ìka rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mo san owó ṣòkòtò.

Ọ̀bẹ tó ń jẹ́ Douk-Douk, ẹ má pè é ní ayédèrú. Páànù tí wọ́n tẹ̀ po ni èkù rẹ̀ láti 1929, bó ṣe máa ń rí gbáràgbárà lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ mú rìsíìtì dání, kó má ju ọjọ́ 14 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọ̀bẹ kí ẹ tó ká a. Èyí tí wọ́n mú wá lánàá, èèrà àti èèpo ọsàn ni mo kọ́kọ́ yọ nínú ihò rẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọlọ́bẹ yín, Akúrẹ́.