Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí ọ̀rọ̀ Sùúrù, ajá Bàámi

Leeds, Ìlú Ọba

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú gbogbo ohun tí ẹ̀ ń dá gbé látìgbà tí Bàámi ti lọ. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà? Èmi náà wà, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n tún fi mí sí lóṣù yìí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Sùúrù ló mú mi jókòó kọ̀wé. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, nẹ́tíwọ̀kì á já, a ò sì ní í sọ ọ́ tán. Ẹ ní Màámi ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí ní Ìbàdàn lẹ́yìn Kérésì, pé a máa háyà yàrá ilé Arówómọ́lẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, pé kò sẹ́ni tó máa rí ti ajá rò. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní ọkùnrin kan ti wá wò ó, ó sì ti dá owó lé e. Bọ̀dá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gba owó yẹn. Ẹni tó wá ra ajá tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí kò béèrè ohun tó ń jẹ, tí kò béèrè bóyá ó ń gé èèyàn jẹ, tó kàn gbé e sókè kó lè mọ bó ṣe wúwo tó, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń gbé e lọ. Bí kì í bá ṣe ìsọ̀ ẹlẹ́ran ajá, ojúbọ Ògún ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí lórí ohun tó ń jẹ. Ajá tó ń sin Bàámi lọ sí oko Orílé Igbọ́n láràárọ̀ ni mo ní kò gbọ́dọ̀ parí síbẹ̀.

Ajá tí ẹ máa ń gbọ́ tó ń gbó lẹ́yìn mi tí a bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe tèmi. Bess lorúkọ rẹ̀, abo Labrador dúdú ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìyá àgbà tó ni ín ti wọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọn kì í sì í gba ajá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń gba ajá tí kò ní olówó mọ́ ló mú un, àwọn ló sì ní kí n gbà á tọ́ títí a ó fi rí ẹni tó máa mú un lọ pátápátá. Àwọn ń ra oúnjẹ, àwọn ń san owó dókítà. Èmi ni mo ni ibi tó ń sùn sí, èmi ni mo sì ń wò ó kí n lè sọ irú ajá tó jẹ́ fún wọn. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ibí. Ọdún 1860 ni wọ́n ti dá ilé ajá Battersea sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí Bowen mú ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ wa.

Ajá kékeré kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn, àgbà ló máa ń pẹ́. Àwọn èèyàn á rí ewú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á kọjá. Owó dókítà ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sì ń rò ó pé bí àwọn bá ti ń fẹ́ràn rẹ̀ ló máa kú. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ajá àgbà sílé ti mọ ohun tó gbé. Ìwà rẹ̀ ti hàn. Bess kì í ṣu sílé, kì í jẹ bàtà, kì í fò mọ́ àlejò. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, a jọ máa ń sùn di ọ̀sán ni.

Ẹ̀ ń sọ pé ojú Sùúrù ti fọ́. Ṣé ó dá yín lójú? Ojú Bess náà ti ní àwọ̀ ìkùukùu, ṣùgbọ́n dókítà ẹran tan iná sí i, ó ní ọjọ́ orí ló fà á, pé ó ṣì ń ríran dáadáa. Ẹ mú òwú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ níwájú Sùúrù. Òwú kì í dún bó bá balẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá sin òwú náà délẹ̀, kò tíì fọ́ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ó máa ń tiro láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ọ̀hún á tú díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làkúrègbé. Ẹ tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ńtì fún un, nítorí ilẹ̀ líle àti òtútù máa ń ni ín lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un ní oògùn ara ríro tèèyàn. Ibuprofen tí à ń rà ní kẹ́mísì lè dá egbò sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n má fún un ní egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè, torí ṣe ló máa ń ṣẹ́ sí ṣóńṣó. Àlùbọ́sà nínú ọbẹ̀ náà kò dára fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe rí ẹni tó máa mú Bess, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Tọkọtìyàwó kan ló kọ́kọ́ wá, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì lówó. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń jáde láàárọ̀, wọn kì í wọlé títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ajá tó ti bá ìyá àgbà gbé tọ̀sán tòru, ìdáwà á pa á. Ẹlòmíì wá, òkè àjà kẹta ló ń gbé, àtẹ̀gùn nìkan ló sì wà. Ẹgbẹ́ náà dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n dúró de ajá mìíràn. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan dé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bó ṣe wọlé, kò pe ajá, kò na ọwọ́ sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ojú ọjọ́. Bess dìde fúnra rẹ̀, ó lọ gbórùn bàtà rẹ̀, ó sì fara tì í. Bàbá náà tún padà wá, wọ́n jọ rìn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Ẹgbẹ́ lọ wo ilé rẹ̀, wọ́n wo ọgbà ẹ̀yìnkùlé bóyá ihò wà lára rẹ̀. Kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́, ó máa tọwọ́ bọ̀wé pé bí nǹkan ò bá rọgbọ, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni òun á dá a padà sí, òun ò ní í tà á, òun ò ní í fi tọrẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa mú un lọ. Àyà mi ń já, torí mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kọ́ ni mo lè wà pẹ̀lú rẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin Bọ̀dá mi, Sùúrù náà ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Bàbá Tíṣà ni mò ń wí, tí òun àti Bàámi jọ ń ta ayò lábẹ́ igi mángòrò. Ajá náà mọ òórùn rẹ̀, ó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bàbá Tíṣà wà nílé tọ̀sán tòru, ilé rẹ̀ ní géètì, kò sì ní àtẹ̀gùn. Ọmọdékùnrin ọdẹ tí ẹ dárúkọ pé ó lè gbà á yẹn, ọmọ gidi ni, ṣùgbọ́n igbó ló fẹ́ máa mú un wọ̀, ẹsẹ̀ Sùúrù ò sì gbé igbó mọ́.

Ẹ lọ bá Bàbá Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ bí àgbà. Ẹ má fi àìsàn ajá náà pamọ́ fún un. Ẹ sọ ti ẹsẹ̀, ẹ sọ ti ojú, ẹ sọ pé ààrá máa ń bà á lẹ́rù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré tó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ kó má ṣe máa sún mọ́ ajá tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń sùn. Kí Sùúrù máa lọ kí wọn fún wákàtí díẹ̀ ná, kó máa padà wálé, kó tó di pé ó sùn síbẹ̀. Ẹ fún un ní bùbá oko Bàámi kó máa sùn lé, ẹ má fọ̀ ọ́. Bí kò bá jẹun dáadáa lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ọkàn yín balẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbí máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó tó mọ ìṣe ilé, oṣù mẹ́ta ni kó tó gbà pé ilé òun nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, kí Màámi tó lọ. Bí kò bá sì wọ̀, ilé wa ni kí wọ́n dá a padà sí. Èmi ni mo máa wá ibòmíì fún un.

Dókítà tó ń wo adìyẹ yín, ẹ ní kó fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó kúrò nílé, kí ẹ sì fi káàdì rẹ̀ lé Bàbá Tíṣà lọ́wọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn tàbí ẹranko, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo, a ò sì gbọdọ̀ fi irú ewu bẹ́ẹ̀ ta ilé onílé lọ́rẹ.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ti abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ti oúnjẹ wà níbẹ̀, màá sì máa fi ti oúnjẹ ránṣẹ́ sí Bàbá Tíṣà lóṣooṣù níwọ̀n ìgbà tí ajá náà bá wà láyé. Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé a ò tà á mọ́. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní mo rí èlùbọ́ tó dì ránṣẹ́ gbà. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa wà nílé láti àárọ̀. Tí ẹ bá ti ti ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà dé, ẹ pè mí.

Èmi àbúrò yín,
Àjọkẹ́