Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì ya ohun tó rí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láàbù ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní báyọ́lọ́jì. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú alùbọ́sà, kí wọ́n gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí wọ́n sì ya ohun tí wọ́n bá rí. Mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ti ya sẹ́ẹ̀lì tó dùn-ún wò, tó ti fi rúlà fa ìlà, tó sì kọ orúkọ sí ibi gbogbo. Mo bẹ ojú wo inú awò rẹ̀, òkùnkùn biribiri. Kò tíì tan iná rẹ̀.

N kò bá a wí. Irú àwòrán tí wọ́n kàn yà bí ti inú ìwé bẹ́ẹ̀ la ti ń fún wọn ní máàkì lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, àwa olùkọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ìwé a máa ṣì. Láti nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n ti ń kọ́ni pé kúrómósóómù (àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá tí òbí fi ń jogún fún ọmọ) 48 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Àwọn mìíràn tó tún un kà náà ń bá 48 bọ̀. Nígbà tó di ọdún 1956 ni Joe Hin Tjio àti Albert Levan, ní ìlú Lund ní Sweden, mú kí sẹ́ẹ̀lì wú, kí àwọn kúrómósóómù tó dì mọ́ra lè fọ́n ká. Wọ́n kà wọ́n. 46 ni wọ́n bá, 46 náà ni wọ́n sì kọ.

Ìgboyà láti kọ 46 yẹn ni mo fẹ́ kí dìgírì báyọ́lọ́jì fún ọmọ. Bí wọ́n bá sọ fún un pé oògùn kan ń pa kòkòrò, kó béèrè àwo kejì tí wọn kò kán oògùn sí, kó lè fi wé e. Kí ìṣirò má sì bà á lẹ́rù (mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló sá fún ìṣirò wá bá wa). Orúkọ àti ìsọ̀rí ẹ̀dá ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé wọn lè ṣí ìwé wò.

Ọmọbìnrin yẹn tan iná, ó wò ó títí, ó ní, "Kò mà jọ ti inú ìwé." Mo ní kó ya èyí tó rí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi pé òun kò rí núkílíọ́ọ̀sì (apá inú sẹ́ẹ̀lì tí kúrómósóómù wà), tí èmi náà wò ó tí n kò rí i, máàkì rẹ̀ pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ láàbù kan