Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi kọ ní SS 2 ló tún ń lé e kiri

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ mi obìnrin lọ ṣe íńtáfíù níléeṣẹ́ kan n'Ìbàdàn. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí ọ̀gá kan fi yí fóònù ẹ̀ sí i, ó ní ṣé ìwọ lo kọ eléyìí? Fọ́tò ẹ̀ ló wà níbẹ̀, yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, ó fọwọ́ kan gbá ìbàdí mú, abẹ́ ẹ̀ ló ti ṣépè fún tíṣà mátíìsì wọn tó nà án lọ́jọ́ yẹn. Ọdún 2012 ni o! Ọmọ ọdún 16 ni nígbà yẹn. Tíṣà ọ̀hún gan-an ti gbàgbé, ó wá síbi ìgbéyàwó ẹ̀, ó dáṣọ ẹbí. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn á pè é. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí ò pa á rẹ́ látọjọ́ yìí. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Láìnì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fi ṣí àkáǹtì tó fi gbé fọ́tò yẹn sórí ayélujára, wọ́n jí fóònù náà ní 2014, a ò gba láìnì yẹn padà, páswọ́ọ̀dù sì ti fò lórí ẹ̀, tó bá wá fẹ́ wọlé wọ́n á ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn. A pe nọ́ńbà ọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní òun ra láìnì òun ni. Ọmọ mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá òun ka kóòdù tó bá wọlé, ó ní ọmọ Yahoo ni yín, ó pa fóònù. Mi ò dá a lẹ́bi, ṣebí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ka kóòdù fẹ́nikẹ́ni. A kọ̀wé sáwọn tó ni òpó ayélujára náà nígbà mẹ́ta, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, kò lè pa á rẹ́!

Bẹ́ẹ̀ òfin wà o. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà, abala 34 ẹ̀ ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa nǹkan tó jẹ mọ́ òun rẹ́. Orí ìwé ló mọ. Àwọn tá à ń fowó orí wa bọ́ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ta ló wá sọ fún wa l'Óṣogbo níbí ibi tá a máa gbé ẹjọ́ lọ?

Ní Spain, wọ́n kéde gbàǹjo ilé Mario Costeja González nínú ìwé ìròyìn ní 1998 torí gbèsè. Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn parí, síbẹ̀ téèyàn bá ti tẹ orúkọ ẹ̀ sí Google, ìkéde yẹn náà ló ń jáde. Ó fẹjọ́ sùn, ó dé ilé ẹjọ́ àgbà ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n dá a láre ní 2014. Gbèsè àgbàlagbà nìyẹn o, èpè ọmọdé ni tiwa.

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Kí wọ́n gbé tábìlì kan síbi tá a ti ń ṣe NIN ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Èèyàn á mú NIN ẹ̀ lọ, wọ́n á fi ojú ẹ̀ wé fọ́tò orí àkáǹtì, á lọ búra ní kọ́ọ̀tù, wọ́n á wo ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn nígbà náà lọ́hùn-ún, tó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bíi tiwa kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e. Ṣebí látọdún 2011 ni wọ́n ti ń ní ká wá forúkọ láìnì sílẹ̀, wọ́n gba ìka ọwọ́ wa, kí ni wọ́n wá ń fi ṣe? Tí gbogbo ẹ̀ bá ti bára mu, ìjọba fúnra ẹ̀ ni kó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, 30 ọjọ́ péré, tí wọn ò bá pa á rẹ́ kí wọ́n sanwó ìtanràn. Wọn ò ní fi ẹ̀rọ dá ìjọba lóhùn.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ náà, ohun téèyàn bá kọ kó tó pé ọdún 18, ẹ fi sílẹ̀. Mi ò ní kí olóṣèlú tó kówó jẹ fi èyí pa ìròyìn ẹ̀ rẹ́ o, ti gbogbo ìlú nìyẹn. Tọmọ mi ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ni, kò sì lè pa á rẹ́. Íńtáfíù míì wà fún un lóṣù tó ń bọ̀, fọ́tò yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Èmi òǹkàwé yín,
Òṣogbo.