Ẹ Yé Bú Àwọn Tó Ṣílẹ̀kùn fún Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Houston, Maryland àti Chicago, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé tí ẹ ń to ìwé físà jọ,

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ gbé e mì mọ́. Ọ̀nà tí à ń gbà sọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kò dáa. Akátà níbí, akátà lọ́hùn-ún. Ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn ò fẹ́ kàwé, ìbọn àti igbó ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílùú á ti máa sọ ọ́ bí ẹni tó bá wọn dàgbà.

Níbi ìkómọjáde kan, ọmọkùnrin wa kan mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá. Ọmọ Alabama ni, nọ́ọ̀sì ni. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àwa àgbà, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Kò tíì dìde tán tí ìyá kan fi yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ṣé kò rí ọmọ Yorùbá fẹ́ ni, tó fi lọ gbé akátà?” Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè orí rẹ̀ ṣe, gèlè tí kò sí ohun tó ṣe é. Ojú tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débí fún yín. Òfin 1924 ló ń pín àyè fún ẹni tó bá fẹ́ wá tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Yúróòpù ló kó èyí tó pọ̀ jù, ti Áfíríkà kò tó nǹkan. Ní March 7, 1965, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò gba orí afárá Edmund Pettus kọjá ní Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọlọ́pàá fi kóńdó àti tajútajú kò wọ́n lójú, wọ́n fọ́ John Lewis, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìwọ́de náà, lórí. Lóṣù August ọdún náà, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin ìdìbò. Ní October 3, ó buwọ́ lu òfin tó fagi lé ìpín ti 1924. Ìjà ẹ̀tọ́ yẹn ló la ọ̀nà fún òfin méjèèjì. Àwa wọ ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, a wá ń bú birikílà.

Kódà kó tó dìgbà yẹn, nígbà tí Nnamdi Azikiwe wá kàwé níhìn-ín, Storer, Howard àti Lincoln ló gbà á, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ẹ ní wọn ò kọ́lé. Láti bíi 1934, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fi ìlà pupa yí àdúgbò wọn ká lórí máàpù, tí kì í ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé níbẹ̀. 1968 ni òfin tó sọ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí di èèwọ̀ jáde. Kí ni bàbá tí wọn ò jẹ́ kó ralé yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ? Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa, sátífíkéètì àti owó báńkì ni wọ́n wò kí wọ́n tó fún wa ní físà. Ẹ má fi àwọn tí wọ́n ṣà wé odindi ẹ̀yà.

Ẹ má sì rò pé ohùn ẹnu yín yóò gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin yin ọta 41 fún Amadou Diallo, ọmọ Guinea, lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní New York. Pọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n pè ní ìbọn.

Ẹ̀jẹ̀ wa tún wà nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà yìí. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó ẹrú láti Ouidah dé Mobile ní Alabama ní 1860, Yorùbá sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, àwọn ni wọ́n tẹ Africatown dó. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì ń gbébẹ̀ dòní.

Mo mọ̀ pé àwọn náà ti fi àwọn ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, nítorí orúkọ, nítorí oúnjẹ. Ó dùn wá, ó sì yẹ kó dùn wá. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi mọ̀ wá, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀ wọ́n. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bímọ síbí, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lẹ bí. Ohun tí ẹ bá ń sọ nípa wọn nínú mọ́tò, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ń gbọ́ ọ. Ẹ bá mi mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu kí ó tó wọ ilé ìwé.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Houston