Ẹ ṣí àwọn yàrá tó wà ní títì nínú agboolé Ògbómọ̀ṣọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, aṣọ òfì ni mò ń tà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì fi ṣe ibùgbé. Yàrá kan ni mo gbà nínú agboolé kan nítòsí Ọjà-Igbó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ létí, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn odi.

Ẹni tó bá ń wá ilé nílùú yìí lónìí, apá Under G, Adénìkẹ́ àti Sítádíọ̀mù ni wọ́n máa kọ́kọ́ júwe fún un. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ti dé ní 1990 ni apá ibẹ̀ ti ń gbòòrò, nítorí ìta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ ló sì wu onílé, torí òbí rẹ̀ á san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò bá àwọn ọmọ náà jà, ilé ń ni àwọn náà lára. Ṣùgbọ́n níbo ni kí nọ́ọ̀sì, aránṣọ tàbí olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ wọlé sí? Kó tó san owó ilé, owó ajẹ́ǹtì ti wà ńlẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì tún tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ àárín ìlú kún fún yàrá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Nínú agboolé tí mo wà, àgádágodo ti dípẹtà lára ilẹ̀kùn púpọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Oníṣòwò ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tajà dé Jọ́s, wọ́n tajà dé Gánà. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà ní 1969, àìmọye wọn ló padà wálé. Owó òwò ìdálẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Àwọn tó kọ́ ọ ti lọ, àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó, Ìlọrin àti Ìbàdàn. Ìgbà ìsìnkú, Iléyá àti Kérésì ni ilẹ̀kùn ń ṣí.

Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, ilé alámọ̀ ló sì burú jù. Páànù kan á lu, kò sẹ́ni tó máa rí i. Òjò á máa kán sórí ògiri, ògiri á gbomi, á sán. Ikán á bọ́ sára igi àjà. Bí ènìyàn bá ń sùn nínú rẹ̀ ni, òjò àkọ́kọ́ ló máa pariwo pé kí wọ́n wá lẹ páànù. Bẹ́ẹ̀ ògiri alámọ̀ yìí nípọn débi pé nínú ooru oṣù kẹta, inú yàrá mi tutù ju yàrá búlọ́ọ̀kù tí mo gbé tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.

Mo ti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn àgbà ilé lẹ́rù. Wọ́n ní ayálégbé lè pẹ́ títí kó sọ ara rẹ̀ di onílé, wọ́n ní owó ilé á dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ bàbá. Ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ni mo sanwó fún. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé láti Èkó, ó ní òun kò gbọ́ sí i, kí n kó ẹrù mi kí oṣù tó parí. Ọlọ́run ló ní kí mọ́gàjí, olórí ẹbí, wà nílé. Lábẹ́ òfin, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń sanwó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Kò sí ẹni tí òfin fún láṣẹ láti da ẹrù ayálégbé síta fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni agboolé wa ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbowó, ó ń já rìsíìtì. Mọ́gàjí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n bá fún ayálégbé, ó sì wà nínú ìwé náà pé yàrá ni a yá, a kò ra ilẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú oórì àwọn bàbá wọn. Owó tó kọ́kọ́ wọlé, wọn kò pín in. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi kọ́, wọ́n sì fi ìdérí síbi kànga. Èyí gan-an ni mo fẹ́ tẹnu mọ́: kò sí ọ̀dọ́ tó máa gba yàrá níbi tí kò ti sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Mo bẹ Kábíyèsí Ṣọ̀ún àti àwọn mọ́gàjí kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ẹbí. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín ní Jọ́s, ní Èkó tàbí lókè òkun, ẹ fi ránṣẹ́ sílé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ méjì kan wà tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ yàrá báyìí, owó wọn sì wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ-Òfì,
Ọjà-Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́.